Òkúta Onigbolo, Ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Pààrọ̀ Àwọ̀

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ńlá méjì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan wà ní Onigbolo, lágbègbè Pobè, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì. Èkejì wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fún ìrèké ṣe ṣúgà. Ọ̀rọ̀ owó àti ìṣèlú ni àwọn èèyàn sábà máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ méjèèjì. Ohun mìíràn ni oníṣẹ́ lésà máa rí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ọjà méjèèjì lè gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan sínú, kó sì pọ òmíràn jáde. Èkejì kò lè ṣe é. Ṣúgà ló lè ṣe é. Òkúta tó ń gbé ilé ró ni kò lè ṣe é.

Lésà kì í fúnni ní gbogbo àwọ̀ téèyàn bá ń fẹ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ń pinnu àwọ̀ tó máa jáde. Ọ̀kan lára àwọn lésà alágbára tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni èyí tí wọ́n fi neodymium ṣe. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1064, infra-red ni, ojú èèyàn kò sì rí i rárá. Bí dókítà bá fẹ́ aláwọ̀ ewé, tàbí tí onímọ̀ òkúta bá fẹ́ ultraviolet, kò pọn dandan kó lọ wá lésà mìíràn. Kírísítálì ló máa gbé síwájú èyí tó ní. Nánómítà 1064 á wọlé, 532 á jáde, àwọ̀ ewé tó ń kọ mọ̀nà. Kírísítálì kejì tàbí ìkẹta lè sọ ọ́ di 355, 266, kódà 213, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fẹ́ràn láti fi bó ara òkúta bíi kálsáìtì díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ìgbì gígùn máa ń la irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá láìfara kàn án.

Báwo ni òkúta ṣe ń ṣe é? Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ó sì ń ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù inú ohun tó bá gbà kọjá síwá sẹ́yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ náà kò bá lágbára, bíi ti oòrùn tàbí ti gílóòbù inú ilé, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù á máa mì gẹ́lẹ́ bó ṣe ń tì wọ́n, àwọ̀ tó wọlé ló sì máa jáde. Ìmọ́lẹ̀ lésà le ju ìyẹn lọ. Tó bá bá òkúta tí ètò átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù á lọ jìnnà sí ọ̀nà kan ju èkejì lọ. Inú àìdọ́gba yẹn ni ìgbì tuntun ti ń yọ, èyí tó ń mì ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Fótọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn hóró ìmọ́lẹ̀ méjì, ti parapọ̀ di ẹyọ kan, agbára méjèèjì sì wà nínú ẹyọ kan náà.

Kálsáìtì ni òkúta ẹfun Onigbolo, ó sì dọ́gba jù fún iṣẹ́ yìí. Ohunkóhun tó bá wà lápá kan àárín rẹ̀ ní ojúgbà tó kọjú sí i gẹ́lẹ́ lápá kejì. Ohun tí títì sọ́tùn-ún bá bí, títì sósì á pa á rẹ́. Ti ṣúgà yàtọ̀. Bí mólékù rẹ̀ ṣe rí àti bó ṣe máa rí nínú dígí kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà kírísítálì tí irú mólékù bẹ́ẹ̀ nìkan bá kó ara wọn jọ dá kò lè ní irú àárín tó dọ́gba bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán nìyí. Láti 1968 ni Kurtz àti Perry, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ti kọ́ ayé ní ọ̀nà ìdánwò tó rọrùn: lọ ohun tí o fẹ́ wò di lẹ́búlẹ́bú, fi lésà lù ú, kí o wo àwọ̀ tó ń jáde. Ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní ìlú Ṣakẹ́tẹ́ á yọ ewé fírífírí tí lésà 1064 tó ń yìn bí ìṣẹ́jú akàn bá lù ú nínú òkùnkùn. Yúríà, ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò-àpò fún àgbàdo, á yọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí fi ń wọn àwọn kírísítálì tuntun wò. Lẹ́búlẹ́bú òkúta Onigbolo kò ní fèsì, àfi tí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, nítorí quartz inú iyanrìn mọ iṣẹ́ náà.

Quartz yìí gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Malibu, ní California. Rúbì ló fi ṣe é, pupa ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, nánómítà 694. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Peter Franken àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan yin irú lésà bẹ́ẹ̀ wọ inú quartz, wọ́n sì rí ultraviolet ní 347. Èyí tó jáde kéré débi pé àmì bíńtín ló ṣe sára awo fọ́tò. Nígbà tí àpilẹ̀kọ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Physical Review Letters, ẹnì kan níbẹ̀ rò pé ìdọ̀tí ni àmì náà, ó sì pa á rẹ́. Ọfà inú àwòrán náà ṣì ń tọ́ka sí ibi tó ṣófo títí dòní. Kì í sú oníṣẹ́ lésà tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ láti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó fà á tí ti Franken fi kéré tó bẹ́ẹ̀ ni pé àìdọ́gba nìkan kò tó. Ìmọ́lẹ̀ tuntun tó yọ níbi tí ìtànṣán ti wọ kírísítálì àti èyí tó yọ níbi tó ti ń jáde gbọ́dọ̀ jọ máa rìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Issaba nígbà òjò, níbi tí ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ti máa ń di ẹrẹ̀ tó ń gbé táyà mì, á ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń ti ọkọ̀ akẹ́rù tó rì. Bí wọ́n bá jọ pariwo “ó yá!” tí wọ́n jọ tì í lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á jáde. Bí oníkálùkù bá ń tì nígbà tó wù ú, òógùn nìkan ni wọ́n máa rí gbà. Nínú òkúta, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé àti ìlọ́po rẹ̀ kì í sáré bákan náà. Ìgbì kúkurú máa ń lọ́ra ju gígùn lọ. Kí wọ́n tó rìn dé ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà nínú quartz, èyí tó ń yọ lọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó ti yọ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ibí yìí ni òkúta ẹfun ti gba iyì tirẹ̀ padà. Ní 1669, Rasmus Bartholin, ọmọ Dẹ́ńmákì, kọ̀wé nípa kálsáìtì tó mọ́ gaara tí wọ́n kó wá láti Iceland: ohun téèyàn bá gbé sábẹ́ rẹ̀ á di méjì lójú. Òkúta náà ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì tí ìyára wọn yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ń pọ̀ tàbí dín kù bí wọ́n bá ṣe dá òkúta náà dúró. Ó lé ní ọ̀rúndún méjì ààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun tí wọ́n lè fi èyí ṣe fún lésà. Ní 1962, Joseph Giordmaine ní Bell, àti Paul Maker, Robert Terhune pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní yàrá ìwádìí Ford, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ gba ọ̀nà tó lọ́ra, kí ìlọ́po rẹ̀ gba ọ̀nà tó yá, kí o máa yí kírísítálì díẹ̀díẹ̀ títí ìyára méjèèjì á fi bára mu. Ìmọ́lẹ̀ tuntun á wá máa pọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kírísítálì dé òpin rẹ̀.

Lọ́dún kan náà ni àwọn ará Ford yẹn yin rúbì wọ inú kálsáìtì fúnra rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta yọ jáde, bíi nánómítà 231, nítorí ìlọ́po mẹ́ta kò béèrè àìdọ́gba. Nígbà tí wọ́n sì fi agbára iná mànàmáná fa òkúta náà sápá kan, ìdọ́gba inú rẹ̀ bàjẹ́, ìlọ́po méjì tí gbogbo ìwé sọ pé kò lè ṣe sì yọ. Ká má tan ara wa, kò sẹ́ni tó máa gé irú kálsáìtì bẹ́ẹ̀ jáde ní Onigbolo. Òkúta ibẹ̀, bíi ti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Tabligbo ní Tógò, jẹ́ ẹfun àtijọ́ tí ìkarahun ẹran inú òkun kún inú rẹ̀. Hóró kálsáìtì rẹ̀ kéré, oníkálùkù sì kọjú síbi tó wù ú. Sìmẹ́ńtì ló yẹ ẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ pípààrọ̀ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí ti tóbi jù láyé ni National Ignition Facility ní Livermore, California. Ìtànṣán 192 ló wà níbẹ̀. Nánómítà 1053 ni gbogbo wọn ń bá bọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ di 351 kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí ìgbì kúkurú máa ń wọ inú plasma, gáàsì tó gbóná janjan, ju gígùn lọ. Kírísítálì àkọ́kọ́ á sọ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ náà di ewé. Èkejì á da ewé yẹn pọ̀ mọ́ infra-red tó ṣẹ́ kù, ultraviolet á sì jáde. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022, mẹ́gájúùlù 2.05 irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lu ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ parapọ̀, agbára mẹ́gájúùlù 3.15 sì ti inú rẹ̀ jáde. Gbogbo ayé gbọ́ nípa lésà náà. Ìwọ̀nba èèyàn ló béèrè nípa kírísítálì.

Potassium dihydrogen phosphate ni, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní KDP. Ajílẹ̀ ni pẹ̀lú, àwọn àgbẹ̀ tó ń fi omi bọ́ irúgbìn máa ń yọ́ ọ sínú omi nítorí phosphorus àti potassium tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun àràmọ̀ǹdà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n ṣe hù ú ni iṣẹ́ wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kírísítálì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ń gba bí ọdún méjì kó tó dàgbà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Natalia Zaitseva wá fi ọ̀nà tuntun hàn: omi tí ajílẹ̀ náà kún inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sẹ́ dáadáa tí kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀, tí wọ́n ń rọra sọ di tútù lójoojúmọ́, tí èso kírísítálì kékeré sì ń yí nínú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Láàárín bí oṣù méjì, á di gàgàrà tó lé ní 300 kílò, wọ́n á sì gé e sí pẹlẹbẹ. Lójú òǹkọ̀wé yìí, èyí yani lẹ́nu ju mẹ́gájúùlù lọ. Owó ńlá lè ra lésà. Láti gbé 300 kílò iyọ̀ jáde nínú omi láìsí ìlà kan nínú rẹ̀, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ń wá.

Ilẹ̀ Ṣáínà mọ èyí tipẹ́. Ní Fuzhou, Chen Chuangtian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe kírísítálì BBO àti LBO ní àwọn ọdún 1980, kò sì sí ibi tí wọ́n ń lo lésà alágbára tí wọn kò mọ orúkọ méjèèjì lónìí.

Bí agbára lésà bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń di ọ̀tá. Kò sí kírísítálì tí kì í mu díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá. Àárín rẹ̀ á gbóná ju etí lọ, ìyára ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á yí padà, àwọn tó jọ ń rìn á sì ya ara wọn. Ohun tí oníṣẹ́ máa rí ni pé infra-red kò dín kù rárá, síbẹ̀ ewé ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fi agbára kún lésà, á tún bà á jẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé LBO sínú ààrò kékeré tó gbóná tó bí 150 lórí ìwọ̀n Celsius: níbẹ̀ ni ìyára 1064 àti 532 ti bára mu láìsí pé èèyàn ń yí òkúta kiri, yíyà díẹ̀ tí ìtànṣán bá yà kò sì ní bà á jẹ́.

Ojú ọjọ́ wa ní ohun tirẹ̀ láti sọ. Lágbègbè Pobè, ìgbà òjò ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Omi ló bí KDP, omi ló sì lè pa á. Ọwọ́ tó ń làágùn tó bá kàn án lásán á fi àmì síra rẹ̀. BBO náà máa ń fa ọ̀rinrin tí ojú rẹ̀ á sì di ṣíṣú. KTP, kírísítálì mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ló jẹ́ aláìbẹ̀rù omi láàárín wọn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ni pé iná á lọ, ààrò kékeré inú ẹ̀rọ á tutù, ọ̀rinrin á sì wọlé. Nígbà tí iná bá dé, ẹni tó ń kánjú á fẹ́ kó gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, kírísítálì á sì là. Bátìrì tó ń gbé ààrò yẹn nìkan ró kò wọ́n tó kírísítálì tuntun rárá.

Àmọ́ níbo ni àwọn èèyàn ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ti rí iṣẹ́ yìí jù? Ní pápá bọ́ọ̀lù ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, ní Diamniadio ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Mohamed Salah fẹ́ gbá pẹnáritì fún Íjíbítì, ojú rẹ̀ sì di ewé kànkà. Àwọn èrò ìwòran ló ń yin lésà ọwọ́ sí i. Bọ́ọ̀lù fò kọjá òkè òpó, Sẹ̀nẹ̀gàl lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, FIFA sì bu ìtanràn 175,000 faransì Switzerland lé wọn, tí lésà wà lára ẹ̀sùn náà.

Irú lésà ọwọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tà lọ́jà káàkiri, kì í sábà jẹ́ ewé láti ilé. Ìmọ́lẹ̀ 808 ló ń jí neodymium dìde nínú rẹ̀, neodymium á tú 1064 jáde, ègé KTP bíńtín á sì sọ ọ́ di 532. Ibi tí ewu wà ni ìyókù tí KTP kò yí padà. Ó yẹ kí fílítà dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe lésà olówó pọ́ọ́kú mọ̀ pé oníbàárà kò lè rí ohun tí fílítà ń dá dúró, ó sì máa ń yọ ọ́ kúrò. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n, wọn ọ̀kan tí wọ́n kọ mílíwáàtì 10 sí lára. Ewé rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Infra-red tó ń tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíwáàtì 20. Ojú máa ń ṣẹ́jú tí ewé bá lù ú. Kì í ṣẹ́jú fún ohun tí kò rí. Àwọn òbí tó ń ra irú nǹkan báyìí fún ọmọ lọ́jọ́ ọdún kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ń yọ ewé bàìbàì lè léwu ju èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa lọ.

Ewé kan náà yìí ń gba ojú là. Glọkómà, àìsàn tó ń jí ìríran gbé láìjẹ́ kí olójú mọ̀, ṣọṣẹ́ láàárín wa; ìwádìí gbogbogbòò tí Nàìjíríà ṣe láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ló tẹ̀ lé ojú tó ń funfun nínú ohun tó ń fọ́ àgbàlagbà lójú, ó sì tó bí 17 nínú 100 àwọn tó fọ́jú. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ gba owó, ó sì gba ìrántí. Ní Moshi ní Tanzania, àwọn dókítà fi lésà 532, ìlọ́po méjì 1064, tó ń yìn fún ìwọ̀n nánósẹ́kọ́ńdì mẹ́ta péré, wé oògùn timolol. Lẹ́yìn ọdún kan, bí wọ́n ṣe tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2021, ojú 61 nínú 100 ló ṣe dáadáa lọ́wọ́ lésà, 31 nínú 100 ló ṣe dáadáa lọ́wọ́ timolol. Ìtọ́jú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, aláìsàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ wà nítòsí ju bí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ ṣe rò lọ. Ní Dangbo, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ṣakẹ́tẹ́, ni IMSP wà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Dakar ní yàrá ìwádìí lésà tirẹ̀, African Laser Centre sì ti wà láti 2003, ní Gúúsù Áfríkà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó lè ṣí àpótí lésà ilé ìwòsàn, kó wo kírísítálì inú rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ooru ni, ọ̀rinrin ni, tàbí pé ó ti yà kúrò níbi tó yẹ kó kọjú sí. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye owó ni wọ́n ń béèrè. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni kírísítálì wo ló wà nínú rẹ̀, ta ló lè pààrọ̀ rẹ̀ ní Kútọnu tàbí ní Ìbàdàn, irú mítà wo sì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀: ìkẹta yìí ló jẹ oníṣẹ́ lógún jù. Mítà tí kò bá ní fílítà tó ń ya infra-red sọ́tọ̀ máa ń ka méjèèjì pọ̀. Ewé lè ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, kí nọ́ńbà ojú mítà má yẹ̀.